Ìbéèrè Tí Yíwọlá Fi Ránṣẹ́

Ní ọjọ́ tí ọ̀gá Richard dúró láàárín yàrá ìròyìn, tó ní Ẹ̀bùnlọlá ni yóò máa darí ètò tuntun náà, búrẹ́dì àti ẹ̀wà wà lẹ́nu Yíwọlá. Kò lè gbé e mì. Ó ń yí i láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sí èkejì bí ẹni tó bá òkúta pàdé nínú ẹ̀wà, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí gbogbo ojú ti yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ bí yóò ti ṣe é.

"Ọmọ mi dáadáa ni," ó wí, nígbà tí oúnjẹ náà lọ tán. "Ẹ ò ṣì í yàn rárá."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀bùnlọlá wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣeun ma. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi." Yíwọlá gbé ọwọ́ lé e lórí. Irun ọmọ náà gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ohun tó sọ lọ́kàn rẹ̀ ní àkókò yẹn kì í ṣe àdúrà.

Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Yíwọlá ní ẹran láyà dáadáa. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó fura.

Ilé-iṣẹ́ Tẹlifíṣọ̀n Àfẹ̀mọ́jú wà ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, lókè ilé kan tí wọ́n ti ń ta bátìrì ọkọ̀ nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i ni Yíwọlá ti ń ka ìròyìn Yorùbá aago méje níbẹ̀. Kó tó dé ibẹ̀, ó ti kà á fún ilé-iṣẹ́ ìjọba láyé àwọn sọ́jà. Ní ayé ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kì í wá ìròyìn lọ. Wọ́n ń gbé e wá ni. Ọkùnrin kan yóò gun alùpùpù dé, yóò gbé ìwé kalẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Yíwọlá yóò sọ ọ́ di Yorùbá tó já gaara, yóò wé gèlè, yóò kà á: ọ̀gágun sọ pé, ọ̀gágun tún sọ pé, ọ̀gágun wá fi kún un pé. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé àwọn tí ìyà ọ̀gágun náà ń jẹ máa ń jókòó gbọ́ ọ. Bí omi bá gba ilé lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ìyẹn kò tíì di ìròyìn, àfi bí ọ̀gágun bá lọ wo omi náà.

Nígbà tí ìjọba alágbádá dé, ìwé kò wá mọ́, ṣùgbọ́n àṣà tó bá ìwé wá kò bá a lọ. Bí ẹni ńlá kan bá ń bọ̀ ní sítúdíò, wọn yóò kọ́kọ́ fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí i, kó lè mọ ohun tí wọ́n máa bi í, kó sì mọ ẹni tó fẹ́ bi í. Kò sẹ́ni tó pè é lẹ́ṣẹ̀. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ ni. Ṣé èèyàn máa pe àgbà wá jẹun, kó máà jẹ́ kó mọ ohun tó wà nínú ìkòkò? Bí Yíwọlá ṣe mọ iṣẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe fi kọ́ gbogbo àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀bùnlọlá nìkan ni kò kọ́ apá ibẹ̀ yẹn. Inú Festac níbí ni wọ́n bí i sí, ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di máìkì mú. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ ní Satellite Town tàbí ní Máìlì Tú, ọmọ náà ti gun ọ̀kadà lọ. Yóò na fóònù rẹ̀ sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, yóò ní, "Ẹ sọ ọ́ fún wa," yóò sì panu mọ́. Bí obìnrin bá ń sunkún, yóò jẹ́ kó sun ún. Bí ọlọ́kọ̀ bá ń sọ Yorùbá àti Píjìn àti èébú papọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò gbé e sáfẹ́fẹ́, àfi èébú.

Nígbà kan rí, ẹnu ọ̀nà Yíwọlá ni gbogbo ará àdúgbò wọn ní Festac ń sáré wá bí omi bá dá tàbí tí tíránsífọ́mà bá jó. "Mọ́mì, ẹ bá wa dá a sí ìròyìn." Yóò ní kí wọ́n jókòó, yóò fún wọn lómi, yóò bá wọn tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe títí yóò fi ṣe é kà. Nísinsìnyí, wọ́n ń gba iwájú géètì rẹ̀ kọjá. Wọ́n ń kí i, wọ́n sì ń tẹ fóònù. Ó mọ ẹni tí wọ́n ń pè.

Ìyẹn nìkan kọ́. Jayéọlá, ọkọ rẹ̀, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé kámẹ́rà, ti ń ṣàìsàn nígbà tí Ẹ̀bùnlọlá bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ó ń wo ọmọ náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó wò ó títí. Ó wá ní, "Yíwọlá, ọmọ yìí máa ń gbọ́ tán kó tó sọ̀rọ̀." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti yin ohùn Yíwọlá rí, ó ti yin gèlè rẹ̀, ó ti yin bó ṣe ń pe orúkọ àwọn ìlú òkè-òkun láìkọsẹ̀. Kò yin etí rẹ̀ rí. Kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀, ó ti lọ. Owú tí ọ̀rọ̀ òkú bá dá sílẹ̀ kò lóògùn, nítorí ẹni tó yẹ kó bá ọ parí ìjà náà kò sí nílé mọ́.

Ètò tuntun yìí ni Yíwọlá wá gbójú lé. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ní kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Làwọn èèyàn tí kò mọ orúkọ kánsẹ́lọ̀ wọn tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀nà, gọ́tà, àti iná òpópónà. Nígbà tí ìbò ń bọ̀, Richard ní kí wọ́n máa pe àwọn olùdíje wá sí sítúdíò ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí ará àdúgbò bi wọ́n ní ìbéèrè fúnra wọn. Wọ́n sọ ètò náà ní *Bi Í Léèrè*. Wọ́n polówó rẹ̀ títí: ẹnikẹ́ni kò ní rí ìbéèrè ṣáájú. Yíwọlá rò pé òun ni yóò darí rẹ̀. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ó ti ran aṣọ mẹ́ta sílẹ̀.

Olùdíje tí wọ́n kọ́kọ́ pè ni Owólabí, agbaṣẹ́ṣe kan tó ń wá ipò kánsẹ́lọ̀. Òun ló gbẹ́ gọ́tà kan ní Abúlé Adó, tó fi í sílẹ̀ láìbò, tó sì bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ìyá arúgbó kan ti já sínú rẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Ọmọ ìyá náà, Azeezat, aránṣọ, ló máa bi í léèrè. Gbogbo èyí ni Ẹ̀bùnlọlá sọ ní ìpàdé wọn, lójú Yíwọlá, láìfi nǹkan kan pa mọ́.

Ọjọ́ kejì ìpàdé náà, Báyọ̀ pè. Òun ni ọmọ ẹ̀yìn Owólabí tó máa ń bá a bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀.

"Àǹtí mi! Àǹtí tẹlifíṣọ̀n wa! Ohùn tí kì í gbó!"

"Báyọ̀, kí lo fẹ́? Bó o bá ti ń kì mí báyìí, nǹkan ń bẹ nílẹ̀."

"Háà, Àǹtí, ṣé kò tọ́ ká kì yín ni? Ara ọ̀gá wa ò balẹ̀ ni. Wọ́n ní ọmọ kékeré kan ló fẹ́ jókòó tì wọ́n, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n máa bi wọ́n. Irú kí leléyìí? Ṣé àgọ́ ọlọ́pàá ni?"

"Bí ayé ṣe dà nìyẹn."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Àǹtí? Ṣé ẹ ti bá ayé dà ni? Àbí wọn kì í jẹ́ kẹ́ ẹ mọ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́?"

Báyọ̀ mọ ibi tí egbò wà. Yíwọlá gbé fóònù láti etí kan sí èkejì. Ó ní, "Kí ló wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀?" Ó sì sọ ọ́. Ó sọ ìbéèrè, ó sọ gọ́tà, ó sọ orúkọ Azeezat, ó sọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, bí wọ́n ti máa ń sọ ọ́ látijọ́.

Ohun tó rò ni pé Owólabí yóò wá pẹ̀lú ìdáhùn tó ti pò bí ẹ̀kọ, tó máa ń yọ̀ lọ́fun. Ẹ̀bùnlọlá yóò la ẹnu sílẹ̀. Richard yóò rí i pé iṣẹ́ yìí ju ọmọdé lọ, wọn yóò sì wá bá òun nínú ilé. Ó ní òun kàn ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀ nígbà tó ń fọ abọ́, ó tún sọ ọ́ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, bí ẹni tó ń bu iyọ̀ kún ọbẹ̀ tó ti kan.

Nígbà tí Sátidé dé, ó jókòó sí yàrá ìdarí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Richard, ó ká ọwọ́ lé itan. Owólabí jókòó nínú sítúdíò nínú agbádá funfun, ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹ̀bùnlọlá kí àwọn ará ilé, kò gùn. Ó yí sí Azeezat.

"Àǹtí Azeezat, ẹ bi wọ́n."

Azeezat dìde. "Mi ò ní ìbéèrè mọ́ o," ó wí.

Yíwọlá sún mọ́ gíláàsì tó wà láàárín yàrá ìdarí àti sítúdíò.

"Ìbéèrè tí mo dì mọ́ra, wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀. Lánàá ni. Ọkọ̀ wọn já síláàbù tí wọ́n fi ń bo gọ́tà sílẹ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́, gọ́tà ti di títì! Gọ́tà tí mo bẹ̀ wọ́n títí, tí mo sunkún fún wọn, tí wọ́n ní owó ti tán!" Ó nawọ́ sí Ẹ̀bùnlọlá. "Iṣẹ́ ọmọ yìí ni. Kò tíì la ẹnu o! Wọ́n kàn gbọ́ pé ó fẹ́ bèèrè ni. Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ rí i? Ẹ jẹ́ ká máa bèèrè láti àárọ̀ dalẹ́."

Sítúdíò hó. Fóònù tó wà lórí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, èyí tó kù náà dún. Owólabí gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ gba ìyìn tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹ̀bùnlọlá ti yíjú sí i.

"Ẹ̀gbọ́n Owólabí, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bò ó. Kí ló rán yín létí lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ó ti wà lọ́kàn wa tẹ́lẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

Owólabí ya ẹnu, ó pa á dé. Ẹ̀bùnlọlá kò sọ nǹkan kan. Ká ní Yíwọlá ló wà níbẹ̀, ì bá ti bá a wá ọ̀rọ̀ kan fi dí ihò náà; ì bá ní, "Bóyá nítorí òjò, ọ̀gá?" Ọmọ náà kàn ń wò ó pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń dúró kí omi hó. Òógùn yọ níwájú orí Owólabí, gbogbo Festac sì ń wò ó.

"Jésù," Richard wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ wo ọmọ yìí."

Yíwọlá wò ó. Ó rí ohun tí Jayéọlá rí. Ó dùn ún ju bí kò bá rí i lọ.

Lẹ́yìn ètò, wọ́n rọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Owólabí ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Àwọn èèyàn yí Ẹ̀bùnlọlá ká bí ìyàwó tuntun. Richard ń pariwo pé láti òní lọ olùdíje tó bá ń bọ̀ yóò kọ́kọ́ lọ tún ilé ara rẹ̀ ṣe. Azeezat fi ìdùnnú dì mọ́ ọmọ náà, ó sì rí Yíwọlá lẹ́yìn èrò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ́mì," ó ní. "Ẹ ti ṣe tiyín láyé ijọ́sí."

Kò fi bú u. Ṣùgbọ́n Yíwọlá gbọ́ *láyé ijọ́sí* yẹn bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú.

"Tèmi láyé ijọ́sí?" ó wí. "Ta ló sọ fún Owólabí? Ẹ dá mi lóhùn! Ṣé àlá ló lá pé ẹ fẹ́ bèèrè gọ́tà? Èmi ni mo fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí i. Èmi! Ká ní mi ò bá Báyọ̀ sọ̀rọ̀, ṣé síláàbù kankan ì bá dé Abúlé Adó? Ẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bèèrè, ẹ gbàgbé ẹni tó jẹ́ iṣẹ́. Gọ́tà yẹn, èmi ni mo bò ó."

Ó dúró kí wọ́n yí padà sọ́dọ̀ òun. Wọ́n yí padà lóòótọ́.

"Àǹtí Yíwọlá," Richard ní, "kí lẹ sọ?"

Azeezat kò wo Richard. "Mọ́mì, ṣé ẹ fún wọn lórúkọ mi?"

Yíwọlá yí ojú sí ògiri.

"Ṣé ẹ júwe ṣọ́ọ̀bù mi fún wọn?" Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Ìyẹn ni Báyọ̀ yẹn ṣe rí mi. Ó wá bá mi lánàá. Ó ní wọ́n ti bo gọ́tà, kí n jókòó sílé. Ó ní màmá mi ò tíì lè rìn, pé kòtò sì pọ̀ níta. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní bóyá àwàdà ni. Mo ń bi ara mi láti àná, ta ló sọ fún un."

Nísàlẹ̀, wọ́n ń fa géètì ṣọ́ọ̀bù bátìrì dé. Yíwọlá fẹ́ sọ pé bí a ti máa ń ṣe é nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń ro bí Ẹ̀bùnlọlá yóò ti ṣubú, kò ro ti Azeezat rí, kódà bí èèyàn ti ń ro ti ẹni tó kọjá lọ́nà.

Richard ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ó tó. Kí ọ̀rọ̀ yìí kú síbí. A ti kéde fún aráyé pé ẹnikẹ́ni kì í rí ìbéèrè. Àǹtí, ẹ sinmi ìròyìn aago méje ná. Àwa tó kù, a ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ọ̀gá, mo ti gbọ́," Ẹ̀bùnlọlá ní. "Ìròyìn ni."

"Ẹ̀bùn!"

"Ká ní ilé-iṣẹ́ míì ló ṣẹlẹ̀ sí, ẹ ti ní kí n gbé e." Ó wá síwájú Yíwọlá. Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó rẹ orí sílẹ̀. "Mọ́mì, ẹ wá sọ ọ́ fúnra yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ma."

"Bí mi ò bá wá ńkọ́?"

"Èmi ni mo máa sọ ọ́. Màá ní a pè yín, ẹ ò wá."

Nínú gbogbo ohun tí Yíwọlá lè fara dà, èyí kò sí níbẹ̀: kí ẹnu ọmọ yẹn, pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ àti sùúrù rẹ̀, máa gbé orúkọ òun kiri Festac. Ara rẹ̀ lè gba ìtìjú, owú rẹ̀ ni kò gbà. "Ẹnikẹ́ni kò ní ka ìròyìn mi fún mi," ó wí. "Mò ń bọ̀." Richard mi orí, kò bá wọn jiyàn mọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó pe Ẹ̀bùnlọlá lórí fóònù. Ó kí i, ó bèèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, ó bèèrè ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá ní, "Ẹ̀bùn, kí lo máa bi mí gan-an? Kí n kàn lè to ọ̀rọ̀ mi ni."

"Mọ́mì," ọmọ náà ní, "ẹ má bínú."

Yíwọlá pa fóònù, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rín pa á, ẹkún sì mú un.

Ó fúnra rẹ̀ to ọ̀rọ̀. Ó to àṣà, ó to ọ̀wọ̀, ó to bí nǹkan ti rí láyé sọ́jà. Wọ́n dùn. Ó kà wọ́n sókè nínú pálọ̀, òun nìkan, ó sì mọ̀ pé ohùn òun ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó jókòó sí sítúdíò ní Sátidé, tí iná mú un lójú, ó rí i pé wọ́n ti tan iná tó dáa jù sí ọ̀dọ̀ Ẹ̀bùnlọlá, ó sì jowú ìyẹn náà. Azeezat wà láàárín èrò, ìborùn rẹ̀ aláwọ̀ ewé.

Ẹ̀bùnlọlá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún àwọn ará ilé, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Owólabí, ó ní, kò gbé fóònù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Yíwọlá. Yíwọlá ti ń ṣí ẹnu sọ nípa àṣà.

"Mọ́mì, nígbà tẹ́ ẹ fi ìbéèrè yẹn ránṣẹ́, kí lẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí mi?"

Ọ̀rọ̀ tí Yíwọlá tò dàwátì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bá ìbéèrè yìí mu. Ó wo kámẹ́rà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀.

"Mo fẹ́ kó o tẹ́," ó wí. "Mò ń jowú rẹ. Kò tíì tán pàápàá, ó wà níbẹ̀ báyìí bí mo ti ń wò ẹ́."

Ẹnì kan kùn láàárín èrò. Yíwọlá yí ọrùn títí ó fi rí ìborùn aláwọ̀ ewé náà.

"Ṣùgbọ́n ti Ẹ̀bùn kọ́ ló burú jù. Azeezat, mi ò rò tìẹ. Mo fi ẹ́ lé wọn lọ́wọ́, ìwọ àti màmá ẹ, mi ò sì rántí pé ẹ wà láyé." Ohùn rẹ̀, ohùn tí kò kọsẹ̀ rí láti ayé ọ̀gágun, kéré débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà jáde.

Azeezat kò dìde. Ó na ìka sí kámẹ́rà.

"Màmá mi ń wò yín nílé, Mọ́mì," ó wí. "Etí wọn ò gbọ́ dáadáa mọ́. Ẹ sọ ọ́ sókè."

Yíwọlá da ojú kọ kámẹ́rà, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.